Inú Tí A Fi Ń Jẹun Ni Inú Tí A Fi Ń Yọ̀

Àsọyé tí Òṣìṣẹ́ Ìròyìn kan ṣe fún àwọn ará Àrẹ̀mọ, ní Ìbàdàn

 Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọjà'ba dé ni, àti pé àwọn mìíràn kò tíì fi ẹnu kan oúnjẹ alẹ́. Nítorí náà n kò ní pẹ́ púpọ̀, pàápàá nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ gan-an ni mo bá wá. Àwọn àgbà sì ti wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti inú èdè wa bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ayọ̀ bá dé bá ọmọ Yorùbá, kì í sọ pé orí òun dùn. Inú ni ó ń sọ pé ó dùn. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ ẹ́, inú ni ó ń bí i. Ẹni tí kì í pẹ́ kí ó tó gbaná jẹ, onínúfùfù ni. Ẹni tí ó lawọ́ sí ọmọnìkejì, onínúure ni. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, inú rẹ̀ ni ó bàjẹ́, láti ibẹ̀ ni a sì ti rí ọ̀rọ̀ tí a ń pè ní ìbànújẹ́. Inú kan náà yìí ni a sì tún ń dárúkọ nígbà tí a bá ní inú ń run wá, tàbí pé inú kún wa. Ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní orí ni ìrònú ń gbé, ikùn kò sì ju àpò oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n ní àkókò tiwa yìí, àwọn oníṣègùn ti ń padà bọ̀ wá sí ẹ̀bá ọ̀nà tí èdè wa ti ń tọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. N kò sọ pé àwọn baba ńlá wa mọ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ìwádìí ń fi hàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọn kò ya ikùn nípá kúrò lára ẹni tí ó ni ín.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa sọ àṣírí ikùn rẹ̀ ní gbangba. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, iṣẹ́ gbé mi kúrò ní Ìbàdàn lọ sí ìlú kan tí n kò ti ní ìyá tàbí iyèkan. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ dúró sí ilé nítorí ilé ẹ̀kọ́. Èmi nìkan ni mo ń gbé nínú yàrá kan. Ní òwúrọ̀, búrẹ́dì ni, pẹ̀lú tíì tí ṣúgà kún inú rẹ̀. Ní ọ̀sán, mínírà àti bisikíìtì. Ní alẹ́, índómì, tàbí kí n sùn láìjẹun. Kò tó oṣù mẹ́ta tí ìgbẹ́ yíyà fi di ohun ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́rin. Mo ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ní ibùdókọ̀. Ó ṣí mi nínú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Nígbà tí inú náà kò sì fẹ́ dúró mọ́, mo ra kápúsù aláwọ̀ méjì lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri oògùn, mo gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni oorun fi mí sílẹ̀. Mo ń bínú sí ẹni tí ó kí mi, mo ń bínú sí ẹni tí kò kí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rò pé akọ̀wé tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ni ó ń fi nǹkan ṣe mí, mo sì ti ń wá ẹni tí yóò bá mi wádìí rẹ̀. Akọ̀wé yìí kan náà, kí Ọlọ́run dárí jì mí, ni ó máa ń bá mi ra búrẹ́dì bọ̀ láti ọjà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí ó ń gbé ní Àrẹ̀mọ níbí, ni ó wá wò mí. Ó ṣí ìkòkò mi, ó rí i pé aláǹtakùn ti ta sí inú rẹ̀. Kò bi mí léèrè ọ̀tá kankan. Ó mú mi lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà sì fi ọwọ́ tẹ ikùn mi, ó gbọ́ gbogbo ẹjọ́ mi, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó sì bi mí ni pé, “Kí ni ẹ ń jẹ?” Ojú tì mí láti dáhùn níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni obìnrin yìí fi wà lọ́dọ̀ mi. Ó ń ro àmàlà, ó ń se gbẹ̀gìrì àti ewédú, ó ń se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí irú ń ta sánsán nínú rẹ̀. Ní òwúrọ̀, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Kí ó tó padà lọ, ara mi ti rọ̀, mo ti ń sùn, n kò sì fi ojú burúkú wo akọ̀wé náà mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé: ṣé ọbẹ̀ ni ó wò mí sàn ni, tàbí ẹ̀gbọ́n mi? N ó padà sórí ìbéèrè yìí, nítorí àwọn kan ní òkè òkun ti bi ara wọn ní irú rẹ̀, wọ́n sì wá ọ̀nà láti dáhùn.

Báwo wá ni ikùn ṣe ń bá orí sọ̀rọ̀? Okùn iṣan ńlá kan wà tí ó ti ìdí ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀, tí ó gba ọrùn àti àyà kọjá títí dé ikùn àti ìfun. Vagus ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹ fi í wé wáyà tẹlifóònù. Ohun ìyanu tí ó wà níbẹ̀ ni pé nínú àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tí ó para pọ̀ di wáyà yìí, bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni ó ń gbé ìròyìn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń gbé àṣẹ orí wá sí ikùn. Bí ilé kan bá wà tí ọmọ ń rán baba rẹ̀ níṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ kí baba tó rán an ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ ó mọ ẹni tí ó ń darí ilé náà.

Lẹ́yìn wáyà yìí, àwọn kòkòrò àìfojúrí tún wà tí ń gbé inú ìfun wa. Wọn kò ṣe é kà. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ ọ̀tá. Àyálégbé tí ń san owó ilé ni púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí ikùn wa kò lè dà fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èèpo ẹ̀wà, fọ́nrán ewé àti ìyàngbò ọkà, òun ni oúnjẹ tiwọn. Wọn a jẹ ẹ́, wọn a sì fi ohun kan san án padà tí ń bọ́ ara ìfun, tí kì í sì jẹ́ kí ìfun wú tàbí kí ó máa ṣe bí egbò. Nígbà tí a bá fi oúnjẹ tí kò ní ìyàngbò bọ́ ara wa láti òwúrọ̀ di alẹ́, ebi ni ó ń pa àwọn àyálégbé yìí. Nínú àwọn eku tí a fi ṣe ìdánwò, a rí i pé bí ebi bá pa wọ́n pẹ́, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí jẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ó bo ara ìfun, bí ayálégbé tí ń tú òrùlé dáná. Ara tí ó bá sì ń wú láti inú, kì í pẹ́ kí ó tó hàn lójú ẹni: àárẹ̀, àìlèsùn, ìkanra.

Ẹ lè ti gbọ́ lórí rédíò nípa ohun kan tí a ń pè ní serotonin, pé òun ni ó ń mú inú dùn, àti pé ìfun ni ó ń ṣe bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀. Òtítọ́ ni pé ìfun ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n èyí tí ìfun ṣe kì í gòkè wọ inú ọpọlọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú oúnjẹ rìn àti láti ta àwọn iṣan ibẹ̀ jí. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá gbé ìgò wá tà fún yín pé yóò ti inú ìfun fi ayọ̀ ránṣẹ́ sí orí yín, ẹ jẹ́ kí ó máa gbé ìgò rẹ̀ lọ.

Kápúsù tí a ń rà láìsí ìwé dókítà ń kọ́? Oògùn tí ń pa kòkòrò kì í yan olóòótọ́ yàtọ̀ sí olè. Ó ń pa àyálégbé pẹ̀lú ọ̀tá. Nígbà tí dókítà bá kọ ọ́ fún àìsàn tí ó tọ́, ẹ̀mí ni ó ń gbà là. Nígbà tí a bá ń mì ín nítorí pé inú run wá lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kan, oko ara wa ni a ń dáná sun.

Kí ẹ má baà rò pé ìtàn ilẹ̀ òkèèrè ni mo ń pa, ẹ jẹ́ kí á rìn dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àìsàn kan a máa jà níbẹ̀ àti ní àyíká rẹ̀ nígbà òjò, láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tí ara rẹ̀ le yóò jẹun tán. Kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé e dúró, ahọ́n rẹ̀ yóò wúwo, nígbà mìíràn ọkàn rẹ̀ yóò sì dàrú débi pé kò ní mọ ohun tí ń lọ ní àyíká rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi ara yín léèrè: bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn nínú agbo ilé tiwa, ta ni a ó kọ́kọ́ dá lẹ́bi? Àwọn dókítà pàápàá kọ́kọ́ ṣì í mọ̀. Ní ọdún 1958 tí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀, wọ́n rò pé àrùn kan tí ń wọ ọpọlọ ni.

Ó di àárín ọdún 1990 sí 1995 kí Dókítà Bọ́lá Adámọlẹ́kún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tó rí ìdí rẹ̀. Àwọn tí àìsàn náà ń mú ti jẹ kòkòrò kan tí ń jẹ ewé igi arère, ìbátan àwọn kòkòrò tí a ti ń rí òwú sányán. Ẹran tálákà ni kòkòrò yìí. A máa ń yan án jẹ ní àkókò rẹ̀. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń ba fítámì B1 jẹ́ nínú ikùn, kí ara tó lè gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé fítámì yìí ni ara fi ń sọ iṣu, ẹ̀gẹ́ àti gbogbo oúnjẹ bẹ́ẹ̀ di iná tí ọpọlọ ń yá. Ẹni tí ó jẹ òkèlè púpọ̀ lé kòkòrò lórí, iná kú mọ́ ọn lórí ni. Nígbà tí wọ́n fún àwọn aláìsàn ní fítámì náà, ara wọn yá.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù nìyí: kì í ṣe kòkòrò nìkan ni ó jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ ẹ́ láìsí ewu. Àwọn tí ó ń ṣubú ni àwọn tí ó ti jẹ́ pé òkèlè lásán ni wọ́n ń jẹ lọ́dún yípo, tí ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́ ṣọ̀wọ́n nínú ìkòkò wọn, tí àká wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo kí kòkòrò tó dé. Àìní ni ó la ọ̀nà. Kòkòrò kàn gba ibẹ̀ wọlé.

Ti àwọn ọmọdé náà ń bẹ. Ní ọdún 1933, Dókítà Cicely Williams kọ̀wé láti Gold Coast, tí ó di Gánà ní 1957, nípa àwọn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò tí ń bọ̀, tí a sì fi ẹ̀kọ ọkà lásán bọ́. Ẹsẹ̀ wọn wú, irun wọn pọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì léèrè ohun tí wọ́n fi ń mọ ọmọ bẹ́ẹ̀, wọn ó ní ojú ni. Kò ní ṣeré, kò ní wo ènìyàn, ẹkún ni ṣáá. Ọjọ́ tí ó bá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n mọ̀ pé ó ti ń yè. Ẹ̀yin ìyá, ògì kò burú; iṣẹ́ ọwọ́ ìyá yín ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sẹ́ ẹ tí a sì da èèrí nù fún ewúrẹ́, ewúrẹ́ ni ó jẹ èyí tí ó pọ̀ nínú agbára rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀wà sóyà tàbí ẹ̀pà tí a lọ̀ sí i. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì ti ṣe irú ògì aláwẹ́ sóyà bẹ́ẹ̀ tipẹ́, a sì lè ṣe é nínú ilé.

Mo ṣèlérí pé n ó padà sórí ìbéèrè mi. Ní Ọsirélíà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Felice Jacka àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ènìyàn 67 jọ, àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà, tí oúnjẹ wọn kò sì dára. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn 33 ni a kọ́ bí a ṣe ń jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso, ọkà tí a kò bó, ẹja àti òróró ólífì. Àwọn 34 yòókù, a kò kọ́ wọn ní oúnjẹ kankan. Ẹnìkan ni ó ń wá bá wọn ṣeré, tí ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, bí ẹ̀gbọ́n mi ì bá ti ṣe bí kò bá mọ ọbẹ̀ í sè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, bí 32 nínú 100 àwọn tí a kọ́ ní oúnjẹ ni ìrẹ̀wẹ̀sì ti fi sílẹ̀. Nínú àwọn tí a bá ṣeré, 8 nínú 100 ni. Ọdún 2017 ni wọ́n tẹ ìròyìn yìí jáde. Àwọn ènìyàn náà kò pọ̀, kò sì sí bí a ṣe lè fi ohun tí ènìyàn ń jẹ pamọ́ fún un, nítorí náà a kò gbọdọ̀ gbé e ju bí ó ti tó lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń gba ìtọ́jú dókítà pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀, mo ti fi ọpẹ́ ọbẹ̀ kún ọpẹ́ ẹ̀gbọ́n mi láti ìgbà tí mo ti kà á.

Ẹ̀rí mìíràn sún mọ́ wa ju Ọsirélíà lọ, nítorí pé Ìdíkàn ni ó wà, nínú Ìbàdàn yìí. Láti ọdún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tí ó di olóògbé ní 1995, àti àwọn oníṣègùn láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn àgbà tí ó ti lé ní ọdún 65, wọ́n sì ń wò wọ́n lọ fún ọdún púpọ̀, láti mọ iye tí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń mú. Ní Indianapolis, àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n wò, ọmọ àwọn tí a kó láti èbúté ilẹ̀ wa. Nígbà tí ìròyìn náà jáde ní 2001, 3.24 nínú 100 àgbà ni àrùn náà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún ní Indianapolis. Ní Ìdíkàn, 1.35 péré. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ìkòkò ọ̀tọ̀. Àwọn onímọ̀ náà kò sọ pé oúnjẹ nìkan ni. Wọ́n dárúkọ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ọ̀nà ìgbé ayé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà Ìdíkàn nígbà náà, iṣu, ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ ni púpọ̀ nínú oúnjẹ wọn.

Ìbẹ̀rù mi ni pé àwọn àgbà ọdún 1992 ni wọ́n kà. Bí mo ti ń bọ̀ láti Bẹẹrẹ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, mo ka àwọn ọmọ tí ó mú mínírà lọ́wọ́ títí mo fi ṣi iye wọn kà. Àwọn wọ̀nyí ni yóò di àgbà Ìdíkàn àti àgbà Àrẹ̀mọ.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ẹ̀wà ti wọ́n. Òtítọ́ ni, ìjọba tí ó rán mi níṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n gbúre ń hù lẹ́yìn ilé láìgba àṣẹ, ewédú kò tíì kọjá agbára wa, ìwọ̀nba irú díẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ tí a ń fi horo magí mẹ́rin ṣe. Kí n má purọ́ fún yín, iná ọbẹ̀ ń pa púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò rere inú irú. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti ṣe sí ara igbá nígbà tí a bò ó mọ́lẹ̀ kò bá wọn kú.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ẹni tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹni tí ó ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, ẹni tí ìbànújẹ́ ti dè mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ má ṣe fi ewédú tọ́jú rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ń yà ẹ̀jẹ̀, tàbí ẹni tí ń rù láìnídìí. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Ìbàdàn wa yìí, èyí tí a ṣí ní 1957. Arò sì wà ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní 1954, kò ti gbogbo àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi ọ̀pọ̀ wọn sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì ní kí ìbátan kan bá olúkúlùkù wá. Wọ́n ń gba oògùn àti ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà; ní ìrọ̀lẹ́, ìbátan náà yóò dáná, aláìsàn yóò sì jẹ oúnjẹ tí ó mọ̀ láti ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Mo rí i pé ìyá tí ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn ti na ọwọ́ sókè láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ èèrí ògì. Ẹ wí, ìyá, à ń gbọ́ yín.